Thomas Jefferson Bowen

Thomas Jefferson Bowen (ọjọ́ 2 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1814 – ọjọ́ 24 oṣù Bélú ọdún 1875) jẹ́ oníwàásù, arìnrìn-àjò àti olùkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Láàrin ọdún 1850 sí ọdún 1856, ó rin ìrìn-àjò láti etíkun dé Ìlọrin, ó sì kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn ìlú, ọ̀nà, àti èdè tí ó bá pàdé. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1858, àwòrán-ilẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì bá a rìn. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ Yunifásítì Bowen tí ó wà ní Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Agbègbè Jackson ní ìpínlẹ̀ Georgia ni a bí Bowen sí. Kò pẹ́ ní ilé-ìwé; púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ ni ó fi ìwé kíkà kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1836, ó jagun nínú ogun tí ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn ẹ̀yà Creek jà. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Texas, níbi tí ó ti wà láàrin àwọn ọmọ ogun. Iṣẹ́ ogun ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìlú àti ojú ọ̀nà kò pọ̀ nínú rẹ̀, kọ́ ọ ní gígun ẹṣin, sísùn nínú igbó, àti wíwo ojú ilẹ̀ kí ènìyàn tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ìmọ̀ yìí wúlò fún un nígbà tí ó dé Áfíríkà.

Ní ọdún 1840 ó yí padà sí ìgbàgbọ́, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní Georgia àti Florida. Ní ọdún 1845, àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára àwọn ti àríwá nítorí àríyànjiyàn lórí òwò ẹrú àti àwọn tí ó ní ẹrú. Ẹgbẹ́ tuntun tí àwọn ará gúúsù dá sílẹ̀ yìí ni ó yan Bowen ní ọdún 1849 láti lọ sí inú ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1849 ni ó wọ ọkọ̀ ní Providence, pẹ̀lú Hervey Goodale àti Robert F. Hill tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Liberia ni wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Goodale kú síbẹ̀ ní ọdún 1850, Hill sì dúró sí Liberia. Bowen nìkan ni ó tẹ̀ síwájú, ó sì dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 5 oṣù Ògún ọdún 1850.

Àwòrán-ilẹ̀ tí ó ti di àtijọ́

Ìgbòho ni ìlú tí wọ́n yàn fún un láti ìlú òyìnbó wá. Ìlú náà wà ní apá àríwá ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì ti jẹ́ ibùjókòó Aláàfin rí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó yàn án kò dé ibẹ̀ rí. Ohun tí ayé òyìnbó mọ̀ nípa inú ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, kọ sílẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì gba Àgbádárìgì wọlé ní ìparí ọdún 1825, wọ́n gba Ìgbòho kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1826. Ọ̀gá inú ọkọ̀ ogun ojú omi ni Clapperton, ó sì mọ bí a ṣe ń fi oòrùn àti ìràwọ̀ wá ibi tí ènìyàn wà. Nítorí náà, àwọn ìlú tí ó là kọjá rí àyè tí ó tọ́ sí wọn nínú àwòrán-ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1826 sí ọdún 1850, ilẹ̀ Yorùbá ti yí padà. Ogun ti tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní nǹkan bí ọdún 1836, Aláàfin Àtìbà sì ti tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ní ọ̀nà jíjìn sí ìhà gúúsù. Àwọn Ẹ̀gbá ti sá kúrò ní àwọn abúlé wọn àtijọ́, wọ́n sì ti kó ara wọn jọ sábẹ́ Òkúta Olúmọ ní ọdún 1830. Ìbàdàn ti di ibùdó ogun, ó sì ti di ìlú ńlá. Ìjàyè ti bọ́ sọ́wọ́ Kúrunmí, ẹni tí ó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àwọn ìlú tí ó lágbára jù lọ nígbà tí Bowen dé kò sí nínú àwòrán-ilẹ̀ Clapperton, olú-ìlú tí ó sì wà nínú rẹ̀ ti di ahoro. Ẹni tí ó bá fi àwòrán yẹn nìkan rìn yóò dé ibi tí ènìyàn kò sí mọ́.

Abẹ́òkúta àti àwọn ọ̀nà tí kò ṣí

Bowen gba Àgbádárìgì dé Abẹ́òkúta, ó sì rò pé òun kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ogun àárín àwọn ìlú Yorùbá ti dí ọ̀nà òkè, ó sì lo nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ní ìlú náà. Àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ Áńgílíkà, tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn, ni ó bá níbẹ̀. Ó fi àkókò náà kọ́ èdè Yorùbá.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọba Dahomey, kọlu Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ajagun wà lára wọn. Nítorí pé Bowen ti jẹ́ ọmọ ogun rí, ó gba àwọn Ẹ̀gbá ní ìmọ̀ràn lórí odi ìlú àti bí wọn yóò ṣe dáàbò bò ó. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun, àwọn ará Dahomey sì sá padà. Láti ọjọ́ náà, orúkọ Bowen di mímọ̀ ju ti àlejò lásán lọ.

Síbẹ̀ ọ̀nà Ìgbòho kò ṣí. Ó gba ọ̀nà Kétu lọ, bóyá yóò rí ibi gbà láti ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tẹ̀ síwájú. Ohun tí ó kọ́ nínú ìrìn-àjò wọ̀nyí ni pé ẹni tí ó mọ ibi tí ìlú wà kò tíì ní ọ̀nà débẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà, ọ̀nà jẹ́ ti ẹnìkan. Oníbodè wà ní ẹnubodè láti gba owó ibodè. Ọba tàbí balógun ni ó ń pàṣẹ bóyá àlejò lè kọjá. Àwọn oníṣòwò sì máa ń kóra jọ rìn nítorí àwọn tí ń jí ènìyàn gbé láti tà. Bí ọba ìlú kan bá ń bá ìlú kejì jà, ọ̀nà tí ó tààrà jù lọ lè jẹ́ èyí tí ó jìnnà jù lọ.

Bí àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà ṣe ń mọ ọ̀nà

Irinṣẹ́ arìnrìn-àjò ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò pọ̀. Kọ́ńpáàsì ni ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ a sì máa kọjú sí ìhà àríwá. Aago ni èkejì, láti fi mọ iye wákàtí tí a rìn. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n bá dó ní ìrọ̀lẹ́, arìnrìn-àjò á kọ ìhà tí ọ̀nà kọjú sí, iye wákàtí tí wọ́n lò, odò tí wọ́n là kọjá, àti òkè tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni protractor, ìyẹn ike tàbí irin onídàjì-òbìrípo tí a fi ń wọn igun, yóò wúlò láti gbé àkọsílẹ̀ náà sórí ìwé. Ẹni náà á gbé e lé ibi tí ó ti gbéra, á wọn igun láti àríwá, á fa ìlà, á sì gé ìlà náà ní ìwọ̀n ọ̀nà tí a rìn. Òpin ìlà náà ni ìlú tí ó kàn.

Ìbàdàn àti Ìwó lè fi èyí hàn kedere. Bí a bá fa ìlà tààrà láti Ìbàdàn sí Ìwó, yóò kọjú sí àárín àríwá àti ìlà-oòrùn, ní nǹkan bí dígírì 49 sí àríwá, gígùn rẹ̀ yóò sì lé díẹ̀ ní kìlómítà 40. Bí àṣìṣe dígírì 10 péré bá wọ igun náà, ẹni tí ó rin kìlómítà 40 yóò ti yà kúrò níbi tí ó ń lọ ní nǹkan bí kìlómítà 7. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro, nítorí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í kọjú sí àríwá gan-an ní ibi gbogbo. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún náà, ó máa ń yà sí apá ìwọ̀-oòrùn, ẹni tí kò bá sì yọ ìyàtọ̀ náà kúrò yóò gbé gbogbo ìlú sí àyè tí kì í ṣe tiwọn.

Ìṣòro kejì ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni àwọn ènìyàn ń tọ̀ nínú igbó àti ọ̀dàn, tí wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀nà a máa yí po nítorí igi tí ó wó, odò tí ó kún, tàbí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú kọ́ńpáàsì là á tààrà. Orí òkè tàbí orí àpáta ni ojú ti ń ríran jìnnà, láti ibẹ̀ sì ni a ti lè wọn igun òkè mìíràn tí a mọ̀. Àwọn ará ìlú, ní tiwọn, kì í ka ọ̀nà ní ibùsọ̀. Ọjọ́ ìrìn, ibi ìsinmi àti ọjà ni wọ́n fi ń kà á. Arìnrìn-àjò tí ó gbọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò, á sì fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Níbí ni èdè tí Bowen ti kọ́ ní Abẹ́òkúta ti ṣe é láǹfààní ju abẹ́rẹ́ lọ, nítorí ó lè béèrè ọ̀nà láìsí ògbufọ̀.

Ìjàyè, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin

Ní ọdún 1852, Bowen dé Ìjàyè, Kúrunmí sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà láti wá olùrànlọ́wọ́. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1853 ó gbé Lurana Henrietta Davis níyàwó ní Georgia, ní oṣù Ògún ọdún náà wọ́n sì ti wà ní Èkó. Àwọn tọkọtaya méjì tẹ̀ lé wọn wá: J. S. Dennard àti aya rẹ̀, àti J. H. Lacy àti aya rẹ̀. Àìsàn ojú mú kí Lacy padà sílé láìpẹ́. Dennard àti aya rẹ̀ kú kí ọdún 1854 tó parí. Bowen àti aya rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Àwọn méjèèjì lọ sí Ìjàyè, ilẹ̀ tí Kúrunmí fún wọn ni wọ́n sì kọ́ ilé àti ilé ìjọsìn sí ní ọdún 1854. Ní ọdún náà ni wọ́n ṣe ìtẹ̀bọmi àkọ́kọ́, William H. Clarke sì dé láti Amẹ́ríkà. Clarke pẹ̀lú rin ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ kò sì jáde títí di ọdún 1972, nígbà tí J. A. Àtàńdá ṣe àtúntò rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní ọdún 1855, Bowen gun ẹṣin lọ sí Ìlọrin láti tọrọ àyè lọ́wọ́ Ẹ́míà Shita. Wọ́n gbà á ní àlejò, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní àyè láti máa gbé ibẹ̀. Bí ó ti ń padà bọ̀ láti àríwá ni Ògbómọ̀ṣọ́ di ibi tí ó yàn. Ibẹ̀ ni ó dá ibùdó kejì sílẹ̀ sí ní ọdún kan náà. Báyìí ni iṣẹ́ tí wọ́n fi Ìgbòho ṣe àfojúsùn rẹ̀ ṣe fìdí múlẹ̀ ní ìlú méjì tí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà kò dárúkọ nígbà tí ó ń gbéra.

Àwọn ìwé rẹ̀

Àìlera mú kí Bowen kúrò ní Áfíríkà ní ọdún 1856, kò sì padà mọ́. Ní ọdún 1857 ó tẹ ìwé Central Africa jáde, èyí tí ó sọ ìrìn-àjò rẹ̀ láti ọdún 1849 sí ọdún 1856. Nínú rẹ̀ ni ó ti fojú díwọ̀n iye ènìyàn tí ó wà ní àwọn ìlú Yorùbá. Ó fún Ìbàdàn àti Ìlọrin ní 70,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, Abẹ́òkúta ní 60,000, Ìjàyè ní 35,000, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní 25,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìwó sì ní 20,000. Kì í ṣe ìkànìyàn. Ìdíwọ̀n ojú ni. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìlú ńlá Yorùbá ṣì ń lò ó láti fi hàn pé àwọn ìlú wọ̀nyí ti tóbi kí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Ní ọdún 1858, ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde. Crowther ti ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ ti jáde ní ọdún 1843. Bowen kọ́lé lórí ìpìlẹ̀ náà. Àpèjúwe ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti àwọn ènìyàn Yorùbá ni ó fi ṣe ìṣáájú ìwé náà. Àwòrán-ilẹ̀ tí ó bá ìwé yìí rìn gbé àwọn ìlú tuntun tí ogun ṣẹ̀dá wá síwájú òǹkàwé Amẹ́ríkà.

Ó tún rọ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà láti rán ọkọ̀ lọ wo odò Ọya fún òwò, ṣùgbọ́n àbá náà kò di òfin.

Brazil, àìsàn àti ikú

Ní ọdún 1859, ẹgbẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Rio de Janeiro ní Brazil. Níbẹ̀ ó bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú pàdé, ó sì bá wọn sọ èdè abínibí wọn. Àìsàn tún wó o, ó sì padà sílé ní ọdún 1861, ọdún tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀.

Láàrin ìgbà náà, ilẹ̀ tí ó yà sínú ìwé tún ti ń yí padà. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1862, Ìbàdàn pa Ìjàyè run, àwọn tí ó yè sì sá lọ sí Abẹ́òkúta àti ibòmíràn. Ilé ìjọsìn tí Bowen àti aya rẹ̀ kọ́ bá ìlú náà lọ. Àwòrán-ilẹ̀ ọdún 1858 kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ọ̀kan nínú àwọn ìlú pàtàkì inú rẹ̀ fi di ahoro, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro lẹ́yìn Clapperton.

Ara Bowen kò padà bọ̀ sípò, ọpọlọ rẹ̀ náà sì ń dàrú láti ìgbà dé ìgbà. Ọjọ́ 24 oṣù Bélú ọdún 1875 ni ó kú ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Milledgeville, ní Georgia. Ẹni ọdún 61 ni.

Orúkọ rẹ̀ ní Ìwó

Ìwó jẹ́ ìlú Olúwòó, láàrin Ìbàdàn àti Òṣogbo, ó sì jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Orí ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, lórí òkè ní ẹ̀yìn ìlú, ni Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà fi Yunifásítì Bowen sí. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2001, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 2002. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ yunifásítì náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí Bowen yàn ní ọdún 1855. Láti ara ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907 ni ó ti jáde.

Nínú ìwé Bowen, Ìwó jẹ́ orúkọ kan láàrin orúkọ àwọn ìlú ńlá, pẹ̀lú iye ènìyàn 20,000 ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti gbogbo ẹ̀kùn Nàìjíríà ni ó ń béèrè ọ̀nà Ìwó nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.